Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Kò Ṣí

Berlin, 10 Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1921

Òní ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé mi ṣe fíìmù. Mo dé ilé gíláàsì tí wọ́n ti ń yà á ní Weissensee ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Òtútù inú ibẹ̀ ju ti ìta lọ. Bí òṣèré kan bá ti mí, èémí rẹ̀ a rú túú bí èéfín, bẹ́ẹ̀ ìtàn sọ pé inú ilé ìdáná tó móoru ni wọ́n wà. Ọ̀gbẹ́ni Kessenich, olùdarí, ní kí wọ́n máa jẹ yìnyín sẹ́nu kí èémí má baà hàn. Wọ́n jẹ ẹ́, eyín wọn ń gbá ara wọn.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó kó gbogbo wọn jọ, ó sì rọ́ ìtàn náà fún wọn: tíṣà abúlé kan lé ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde nítorí oyún tí kò ní bàbá. Nínú yìnyín, Marthe, ọmọ náà, padà wá kan ilẹ̀kùn. Tíṣà jókòó ti tábìlì, ó ń fi yíǹkì pupa ṣe àmì sí ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé, kò dìde. Ọmọ náà lọ, ó sì kú. Ìṣẹ́jú méjì ni Kessenich fi sọ ọ́. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ ọ́.

Iṣẹ́ tèmi ni àwọn ọ̀rọ̀ tí yóò máa hàn lójú aṣọ funfun láàárín àwòrán kan sí èkejì, nítorí fíìmù kì í sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má ju ọgọ́ta gbólóhùn lọ, nítorí ẹni tó wá wòran kò wá kàwé.

Kò sí ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ pé tíṣà yẹn wà nílé mi, ó ń bó ọ̀dùnkún sílẹ̀ dè mí.

14 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Leberecht Thomsdorf tẹ̀ lé mi wálé. Òun ló ń ṣe tíṣà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, gbogbo Berlin ló mọ ohùn rẹ̀ lórí ìtàgé, àfi pé fíìmù kò nílò ohùn. Ó ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé tíṣà ni bàbá mi nígbà kan rí. “Mo ti jọba lẹ́ẹ̀mẹfà lórí ìtàgé,” ó wí, “ṣùgbọ́n n ò tíì ṣe tíṣà rí. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo bí wọ́n ṣe ń di gègé mú.”

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo mú un wọlé.

Ó ti di ọdún kejìlá tí ibà ti gba etí Bàbá. Ojú ló fi ń ka ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn. Thomsdorf sọ̀rọ̀ títí, Bàbá kàn ń wò ó ni. Nígbẹ̀yìn Bàbá fa síléètì rẹ̀ jáde, ó kọ ọ́ pé: “Irunmú yín ń jẹ ọ̀rọ̀ yín.” Òótọ́ ni, irunmú ọ̀hún nípọn bí ìgbálẹ̀. Thomsdorf rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ikọ́ yẹn kò dùn mọ́ mi.

17 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Thomsdorf ti fá irunmú rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi tọ́jú rẹ̀. Kessenich fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè, ó ní irunmú yẹn ló jẹ́ kí àwọn gbà á síṣẹ́. Ó ní kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ayédèrú mọ́ ọn. Thomsdorf kọ̀. “Tíṣà tí mo mọ̀ kò ní irunmú,” lèsì rẹ̀, ó sì jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó tún wá sílé wa. Òun àti Bàbá ta káàdì títí di àkókò oúnjẹ. Bàbá jẹ ẹ́ ní ayò mẹ́ta. Láti ìgbà tí Màmá ti kú, n kò rí i kí ó bá ẹnikẹ́ni jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

25 Oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ẹyin kan ti di máàkì kan àti ààbọ̀. Ìyá Kulicke tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní kí n máa kọ ìwé nípa adìyẹ, ó ní òun ló lérè jù báyìí. Mo ti kọ gbólóhùn mọ́kànlélógún. Kessenich gé mẹ́wàá dànù.

2 Oṣù Èrèlé

Èmi àti Kessenich jà lónìí. Ó ní àwọn tó ni owó fíìmù fẹ́ kí tíṣà ṣí ilẹ̀kùn ní ìparí, kí ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra, kí ìràwọ̀ yọ lókè. Mo ní ìtàn náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ènìyàn búburú, àbúrò rẹ̀ méjì kò ti ogun Verdun dé.

“Ẹ wò ó, Arábìnrin Brandhorst,” ó wí. “Nínú gbogbo ilé tó wà ní ìlú yìí, ẹnì kan wà tí wọ́n ń retí tí kò ní kan ilẹ̀kùn mọ́. Ṣé a ò lè ṣí ẹyọ kan fún wọn ni?”

 Ìwé àdéhùn tí mo fọwọ́ sí fún wọn láyè láti yí ìparí padà. Wọn yóò ya ọ̀nà méjèèjì: èyí tí tíṣà kò ti ní ṣí ilẹ̀kùn yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn ará òkè òkun, tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ràn ìbànújẹ́, èyí tí yóò ti ṣí i yóò jẹ́ tiwa.

3 Oṣù Èrèlé

Mo sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin. Obìnrin kan fún mi ní ápù.

9 Oṣù Èrèlé

Òní ló pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Bàbá kò jẹun òwúrọ̀. Kì í jẹun ní ọjọ́ yìí, a kì í sì í sọ ìdí rẹ̀. A kò tíì dárúkọ Gesine láàárín ara wa láti ìgbà tí wọ́n ti mú ìròyìn dé láti Lüneburg pé òun àti ọmọ inú rẹ̀ ti kú sí ilé ìwòsàn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ọjọ́ Ìsinmi tó wá kan ilẹ̀kùn wa. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo. Marthe ni mo sọ ọ́ nínú ìwé. Ọwọ́ mi kò lágbára tó láti kọ Gesine.

Thomsdorf wá ní ọ̀sán. Mo lọ ra èédú, mo sì pẹ́ lórí ìlà. Nígbà tí mo dé, káàdì wà lórí tábìlì, wọn kò ta á.  Thomsdorf dìde, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì dì mí lọ́wọ́ mú pẹ́ ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Mo rò pé ara rẹ̀ ni kò yá.

19 Oṣù Èrèlé

Ẹ̀jẹ̀ wà nínú aṣọ ìnujú Thomsdorf. Ó rí i pé mo rí i. Ó ní kí n má sọ fún Kessenich, pé ìran ilẹ̀kùn nìkan ló kù fún òun láti yà, òun yóò sì yà á. Mo ní kí ó lọ rí dókítà. Ó ní ọ̀dọ̀ dókítà lòun ti ń bọ̀.

25 Oṣù Èrèlé

Wọ́n ya ilẹ̀kùn.

Iyọ̀ àti ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ṣe yìnyín. Friedel Aumann, ọmọ ogún ọdún tó ń ṣe Marthe, dúró sí ìta ilẹ̀kùn pákó náà nínú ẹ̀wù tín-ín-rín, Thomsdorf jókòó ti tábìlì pẹ̀lú gègé àti yíǹkì, kámẹ́rà sì kọjú sí i. Iná ńlá ń ta wá lójú. Ọkùnrin tó ń yí ọwọ́ kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀, Kessenich sì ń pariwo bó ti máa ń ṣe: “Ó ń kànkùn! Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ má gbé orí sókè!”

 Thomsdorf gbé gègé sílẹ̀, ó dìde, ó sì lọ sí ibi ilẹ̀kùn. Èyí kò sí nínú ìwé mi, kò sí nínú ti Kessenich náà. Ó gbé ọwọ́ lé ìdábùú ilẹ̀kùn, ó sì fi ojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń wo òkè. Ètè rẹ̀ mì. Lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ yọ̀ kúrò lórí irin náà díẹ̀díẹ̀, ó sì gbé iwájú orí ti pákó.  Nínú gbogbo ilé gíláàsì yẹn, kìkì ìró kámẹ́rà ni mo ń gbọ́.

Wọ́n fẹ́ ya ọ̀nà kejì lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, èyí tí tíṣà yóò ti ṣí i. Thomsdorf ṣubú láti orí àga kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn mẹ́rin ló gbé e jáde.

26 Oṣù Èrèlé

Friedel wá bá mi níbi tí mo ti ń mu kọfí. Ojú rẹ̀ ti wú.

“Àǹtí, ẹ dákun, ta ni Gesine?”

Mo gbé ife sílẹ̀. Mo bi í níbo ló ti gbọ́ ọ.

“Lánàá, lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Pákó yẹn kò nípọn. Bàbá Thomsdorf kò pe Marthe. Gesine ni wọ́n pè. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì, jẹ́jẹ́. Mo rò pé mo ti ṣe àṣìṣe ni.”

Mo ní kò ṣe àṣìṣe kankan. N kò sọ orúkọ yẹn fún ẹnikẹ́ni nínú iṣẹ́ yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí èmi.

1 Oṣù Ẹrẹ́nà

Mo lọ sí ilé ìwòsàn láti bi Thomsdorf léèrè ọ̀rọ̀ náà. Nọ́ọ̀sì ní kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó mọ̀ mí. Ó tọ́ka sí ètè rẹ̀, ibi tí irunmú ti wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Bóyá mo kàn fẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀rín ni.

4 Oṣù Ẹrẹ́nà

Thomsdorf kú ní òwúrọ̀.

8 Oṣù Ẹrẹ́nà

A sin ín. Òjò àti yìnyín pọ̀ mọ́ra. Bàbá wọ ẹ̀wù dúdú tó wọ̀ sin Màmá. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ojú sàréè ló ń wò. Nígbà tí a délé ó kó káàdì sínú àpótí rẹ̀, ó dè é ní okùn.

Mo fẹ́ bi í ohun tó sọ fún Thomsdorf. Mo dúró níwájú rẹ̀ kí ó lè rí ẹnu mi. Ohun tó jáde ni pé, “Ṣé kí n gbé ọbẹ̀ kaná?”

15 Oṣù Ẹrẹ́nà

Àwọn tó ni owó fíìmù ní kí wọ́n fi ọwọ́ ọkùnrin mìíràn parí rẹ̀: kí kámẹ́rà wo ọwọ́ nìkan, kí ó ṣí ilẹ̀kùn, kí Friedel wọlé. Wọ́n ti rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ jọ ti olóògbé. Èmi ti gbà fún Ọlọ́run.

Kessenich ló kọ̀. Ó ti wo àwòrán ilẹ̀kùn náà ní ìgbà mẹ́sàn-án, òun nìkan nínú òkùnkùn. Ó jáde wá, ó sì sọ fún wọn níwájú gbogbo wa: “Ẹni tó kú kò ṣí i. N ò ní fi ọwọ́ ẹlòmíràn ṣí i fún un. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ wá olùdarí mìíràn.”

Wọ́n bínú lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ọjọ́ sílẹ̀ ní ilé sinimá, wọn kò ní àkókò. Yóò wà bó ṣe wà.

22 Oṣù Ẹrẹ́nà

Kessenich ní kí n kọ ọ̀rọ̀ kan sí ibi ilẹ̀kùn, kí èrò lè mọ ohun tí tíṣà ń sọ. Mo kọ méjìlá, mo fà wọ́n ya. Mo sọ fún un pé kí ó má fi nǹkan kan síbẹ̀. Ó wo ojú mi, ó ní ó dára. Gbólóhùn mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni gbogbo rẹ̀ wá jẹ́. Èyí tí n kò kọ ni mo fẹ́ràn jù.

28 Oṣù Ìgbé

Fíìmù ti jáde. Ìwé ìròyìn kan yìn ín, èkejì ní ó fa ọkàn lulẹ̀. Ìyá Kulicke lọ wò ó, ó ní ó yẹ kí wọ́n na tíṣà yẹn ní pàṣán. Bàbá jókòó níbẹ̀, ó ń ka ẹnu rẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Lẹ́yìn tí obìnrin náà lọ, Bàbá kọ ọ́ sí síléètì: “Ọ̀rẹ́ mi wà nínú rẹ̀. Mú mi lọ wo ojú rẹ̀.”

Mo ní gbogbo àga ti kún. Ó nù ún kúrò, ó tún un kọ.

1 Oṣù Èbìbí

Ọjọ́ Ìsinmi. Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ kí n tó gbàgbé, bí ẹni pé mo lè gbàgbé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń yan kiri pẹ̀lú àsíá pupa, ọkọ̀ kò rìn, nítorí náà ẹsẹ̀ ni a fi lọ sí ìran aago mẹ́ta. Mo di Bàbá lápá mú. Nínú ilé sinimá, obìnrin kan ń tẹ dùùrù nísàlẹ̀, Bàbá kò gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Thomsdorf. Nígbà tí Thomsdorf nu gíláàsì ojú rẹ̀ bí Bàbá ṣe máa ń nu tirẹ̀, mo rí i tí Bàbá fọwọ́ kan ti ojú òun fúnra rẹ̀.

Ìgbà tó kan ilẹ̀kùn, n kò wo fíìmù. Bàbá ni mo ń wò. Ètè rẹ̀ mì bákan náà pẹ̀lú ètè òkú. Lẹ́ẹ̀mejì.

Kò dìde títí wọ́n fi tan iná. A jáde, a rìn dé ẹ̀bá odò, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Mo jókòó síbi tó ti lè rí ẹnu mi. Kò mú síléètì jáde. Ohùn rẹ̀ ló lò, ohùn tí òun fúnra rẹ̀ kì í gbọ́, tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, tí àwọn tó ń kọjá fi ń yíjú wò wá.

“Mo ti ka ìwé rẹ, Ottilie. Ọdún tó jáde ni mo ti lọ kà á ní ilé ìkàwé.”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.”

“O ní mo jókòó. Pé mo ń ṣe àmì sí ìwé àwọn ọmọ. N ò jókòó. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà, ọwọ́ mi wà lórí irin. Mo sọ ọ́ fún Thomsdorf. Mo fẹ́ kí ẹnì kan mọ̀ ọ́n kí n tó kú, n ò mọ̀ pé òun ni yóò ṣáájú.”

 Ó tún wí pé, “Ìyá rẹ wà ní Uelzen lọ́jọ́ náà. Nínú ìwé rẹ, èmi nìkan ni mo wà nílé. Ìwọ ńkọ́?”

Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Irínwó ojú ewé. Kò sí òǹkàwé kan tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí.

“Mo wà lórí àtẹ̀gùn,” mo wí.

“Mo mọ̀. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ láàárín igi àtẹ̀gùn. Ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ eérú ni o wọ̀. Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ. Mo ní, bí ọmọ yìí bá sọ̀kalẹ̀ wá ṣí i, n ò ní dá a dúró. Èmi kò lè jẹ́ ẹni tí yóò ṣí i, mo ti búra níwájú gbogbo abúlé. Ṣùgbọ́n bí o bá ti sọ̀kalẹ̀, ìyẹn ì bá ti tó.”

Mo rọra sọ ọ́, kí ó lè rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: “Ẹ̀yin ni mo ń dúró dè, Bàbá. Mo ní, bí ẹ bá ti pè mí pé, ‘Ottilie, wá,’ màá sáré.”

Ó ka gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ó di ojú. Bí ó bá ti di ojú, kò sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀ mọ́. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ fi gba afárá padà lọ sílé pẹ̀lú àsíá wọn ní èjìká.

4 Oṣù Èbìbí

 Bàbá jẹun.

9 Oṣù Èbìbí

Bàbá dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ òwúrọ̀. Ó ní Gesine kì í jẹ èèpo búrẹ́dì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ló máa ń jù ú sí. A rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rù sì bà wá. Ó ní kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì Lüneburg.

15 Oṣù Èbìbí, Lüneburg

Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Ọkọ̀ ojú irin kún fún àwọn tó ń lọ gbádùn, a dúró títí dé Uelzen kí ẹnì kan tó dìde fún Bàbá. Ó gbé ìkòkò òdòdó kan mọ́ àyà.

Olùtọ́jú ibi ìsìnkú wo ìwé ńlá rẹ̀ títí. Ó ní ìlà àwọn tí kò ní ẹbí ni wọ́n sin Gesine sí, ogún ọdún sì ni wọ́n ń fún ìlà yẹn kí wọ́n tó tún ilẹ̀ rẹ̀ lò. Kò sí ẹni tó wá béèrè. Nígbà àrùn gágá ọdún 1918 àyè kò tó, wọ́n sì sin ẹlòmíràn sórí rẹ̀. Bàbá ka èyí lẹ́nu ọkùnrin náà láìbéèrè kí ó tún un sọ. Ó kàn ní kí ó júwe ibẹ̀ fún wa.

A bá obìnrin kan níbẹ̀ tó ń bomi rin òdòdó. Orúkọ tó wà lára òkúta kékeré náà ni Käthe Dettmer, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Obìnrin náà rí ìkòkò tí Bàbá gbé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ sì tàn.

“Ẹ kú ọdún o,” ó wí. “Ṣé ẹ mọ ọmọ mi ni?”

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Bàbá ti ṣí fìlà.

“Rárá o, Ìyá,” Bàbá wí, ohùn rẹ̀ ga láàárín àwọn òkú. “Ọmọ tèmi wà nísàlẹ̀ ọmọ yín. Èmi ni n kò wá lásìkò.”

Obìnrin náà wo Bàbá, ó wò mí, ó wá wo ilẹ̀.   Ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àyè lè wà, ó sì na agolo omi sí Bàbá.